Ohùn Tó Wà Láàárín Àga Méjì

Kò sí àsọdùn nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ń jẹ, ó ń mu, orí rẹ̀ sì pé ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ọlọ́gbọ́n. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an ni mo máa sọ ọ́. N kò ní í bu iyọ̀ sí i.

Dókítà Etí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Kì í ṣe pé ó ń tọ́jú etí o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jókòó ti àwọn tí ọkàn wọn ti gbọgbẹ́, kí ó gbọ́ ohun tó wà nínú wọn, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ fà wọ́n jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó bá wọn. Kò ní abẹ́rẹ́, kò ní oògùn. Etí nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá bá a lọ́jọ́ kan, ó na etí òsì sí i, ó ní kòkòrò ló kó wọ ibẹ̀. Nígbà tí Dókítà ní òun kì í yọ kòkòrò, inú bí bàbá náà. Ó ní, "Kí wá ni wọ́n ń pè yín ní Etí fún?" Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Yàrá méjì ló háyà, lókè ilé iṣẹ́ àwọn káfíńtà. Ọ̀kan wà fún àwọn tó ń dúró, èkejì wà fún ọ̀rọ̀. Àga méjì ló wà nínú yàrá ọ̀rọ̀, tábìlì kékeré kan, ife omi, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Láti àárọ̀ ni ayùn máa ń ké nísàlẹ̀. Nírọ̀lẹ́, tí àwọn káfíńtà bá ti ṣíwọ́, gbogbo ilé á wá pa lọ́lọ́. Á pa lọ́lọ́ débi pé èèyàn á máa gbọ́ bí pákó tútù ṣe ń dún kẹ́kẹ́ bó ṣe ń gbẹ. Àsìkò yẹn ni Dókítà fẹ́ràn jù. Ó ní inú ìdákẹ́jẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rù èèyàn ti máa ń yọjú.

Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá.

Agbẹ̀bí ni ìyá náà, obìnrin tó ki pọ́pọ́, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ fún aboyún. Ọmọbìnrin yìí nìkan ló bí. Ọmọ náà ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún, aránṣọ sì ni, ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ilé alájà mẹ́ta ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láì sí ìjì, láì sí òjò, ilé náà wó. Àwọn kan bọ́, àwọn kan kú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fa ọmọ yìí jáde. Apá rẹ̀ kan ti kán. Apá náà jinná. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fà á jáde, kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ọ̀fun rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan," ni ìyá náà wí. "Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò títí ó ti sú wọn. Dókítà, agbẹ̀bí ni mí. Tí ọmọ bá jáde tí kò ké, mo mọ ibi tí mo máa gbá tó fi máa ké. Èyí, mi ò mọ ibi tí mo máa gbá."

Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́. Ó fi ìborùn dúdú kan wé ọrùn, ó fà á gòkè títí ó fi bo ẹnu àti imú. Ojú nìkan ló yọ. Ìyá rẹ̀ ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé òórùn eruku ilé yẹn kò tíì kúrò nímú rẹ̀.

Dókítà lóṣòó níwájú rẹ̀. "O ò ní láti sọ̀rọ̀ o. A kàn máa jọ jókòó ni. Ọjọ́ tó bá wù ọ́, kó o sọ. Ọjọ́ tí kò bá wù ọ́, ká máa wo ògiri. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà mi orí pé òun gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ayùn bá ti dákẹ́, ọmọ náà á gun àtẹ̀gùn, á yí àga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, á sì jókòó. Dókítà á jókòó díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan, torí kì í tẹjú mọ́ ẹni tí ìpayà bá ń dà láàmú. Wọ́n á wo ògiri. Àkókò wọn á pé. Ọmọ náà á dìde, á tẹríba, á lọ.

Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ jáde.

"Ó ṣókùnkùn."

Ó rọra jáde, bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ọkàn Dókítà fò sókè, ṣùgbọ́n kò mira. Ó ti kọ́ ọ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú dà bí alángbá. Bí o bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ péré, ó ti wọ ihò.

"Hẹn-ẹn," ló ní.

"Ó ṣókùnkùn. Wọ́n ń rìn lókè. Mò ń gbọ́ bàtà wọn."

"Hẹn-ẹn."

"Mo pè wọ́n. Wọn ò gbọ́."

Ohùn náà fẹ́lẹ́. Ó gbẹ díẹ̀, bí ohùn ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí kò sì fẹ́ tọrọ omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́. Ọmọ náà dìde nígbà tí àkókò pé. Ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ó wo Dókítà fún ìgbà díẹ̀, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án léjìká jẹ́jẹ́, ó sì lọ.

Dókítà ń kọrin wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò, bi í pé ta ló fún un lówó. Kò sọ fún un. Kò sọ fún ìyá ọmọ náà pẹ̀lú. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni: ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá ọ̀rọ̀, inú yàrá ọ̀rọ̀ ló ń gbé.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ohùn náà kò sọ̀rọ̀. Kì í sọ púpọ̀. Á sọ ti eruku. Á sọ ti irin kan tó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Nígbà tó ṣe, ó sọ ti ọwọ́ kan.

"Ọwọ́ kan wà. Ó di tèmi mú. Ó gbóná."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ṣú. Ó di ọwọ́ mi mú. Ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé, ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Dókítà rò ó pé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni, tí wọ́n kọ́kọ́ fà jáde, tó sì fi ọmọlọ́mọ sílẹ̀ lọ. Ó ní, "Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á dunni."

"Kò dùn mí. Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo ṣì wà níbẹ̀."

Dókítà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí ló máa ń sọ pé àwọn ṣì wà níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Ara ti jáde, ọkàn ò tíì jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ọkàn náà gbé ẹsẹ̀. Nítorí náà, kò kà á sí nǹkan àbàmì. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é ní kàyéfì. Bí ọmọ náà bá ti ń lọ, á bojú wẹ̀yìn láti ẹnu ọ̀nà, á sì wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà rú. Ó dá nìkan wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò jókòó.

"Dókítà, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká sinmi ná. Mi ò rí àyípadà kankan."

"Màmá, àyípadà wo lẹ tún ń fẹ́? Ọmọ yín ti ń sọ̀rọ̀."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mi ò lè sọ ohun tó ń sọ fún yín ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀."

Ìyá náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá àga, ó jókòó. "Nílé, kò sọ̀rọ̀ o. Omi gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹnu ló là, ohùn ò jáde. Kò ké yéè." Ó di ọwọ́ Dókítà mú. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Wọ́n bi ọmọ náà. Ó mi orí pé kò burú.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Ìyá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ kọjú sí fèrèsé, ìborùn bo ẹnu rẹ̀. Ayùn dákẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn káfíńtà ń dágbére fún ara wọn, ẹsẹ̀ wọn jìnnà lọ. Ilé pa lọ́lọ́.

"Ó ṣókùnkùn," ni ohùn náà wí.

Dókítà yíjú sí ìyá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá náà kò wò ó. Ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ó na ọrùn, bí ẹni tó ń retí kí omi hó.

"Wọ́n gbé òkúta kúrò. Wọ́n gbé ẹlòmíràn lọ. Wọn ò gbé mi."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" ni Dókítà bi í.

Ìyá náà ta gìrì. Ó wo Dókítà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó tún wo Dókítà. Ohùn náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, Dókítà ń mi orí, ó ń ṣe "hẹn-ẹn." Nígbà tí àkókò fi máa pé, ìyá kò wo ọmọ rẹ̀ mọ́ rárá. Dókítà nìkan ló tẹjú mọ́.

Ó fa Dókítà jáde sí yàrá àkọ́kọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Dókítà. Ta lẹ ń dá lóhùn?"

"Báwo?"

"Ẹ ní 'hẹn-ẹn.' Ẹ ní 'lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́.' Ẹ dákẹ́, ẹ tún mi orí. Ọmọ mi ò sọ nǹkan kan."

"Màmá, bóyá torí pé ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ni—"

"Mo máa ń fi etí lásán gbọ́ ọkàn ọmọ tó ń lù nínú ikùn ìyá rẹ̀. Ṣé ohùn ọmọ tí mo bí ni mi ò ní í gbọ́?" Ó wo Dókítà látòkè délẹ̀, kò fi ìbínú wò ó. Bó ṣe máa ń wo àwọn tí ara wọn ò yá ló ṣe wò ó. "Ẹ lọ sinmi. Iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún yín."

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ. Ní ìdajì àtẹ̀gùn, ọmọ náà dúró, ó gbójú sókè wo Dókítà. Kò fẹ́ máa lọ. Ìyá rẹ̀ ló fà á.

Bí ẹ̀rù ṣe wọlé nìyẹn.

Ẹni tó ń fi etí jẹun, tó wá di pé etí náà kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, kí ló kù tó máa ṣe? Dókítà ronú padà. Ó gbìyànjú láti rántí bóyá ó rí ètè ọmọ náà tó ń mira rí. Kò rí i rí. Ẹ̀yìn orí ló máa ń rí, àti ìborùn. Ó wá di pé bí ọkọ rẹ̀ bá pè é láti balùwẹ̀, kò ní í dáhùn. Á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, á wo ẹnu rẹ̀. Bí àwọn tó ń tọ́jú bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu wọn ló ń wò. Bí ẹnì kan bá ṣe "ẹ káàárọ̀" lẹ́yìn rẹ̀ ní títì, àyà rẹ̀ á já.

Ó lọ bá dókítà tó ń tọ́jú etí lóòótọ́. Onítọ̀hún yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní, "Etí yín mọ́ bíi ti ọmọ tuntun." Ó jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ìbá dùn mọ́ ọn kí wọ́n rí nǹkan níbẹ̀.

"Tí mo bá ya wèrè," ló bi ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, "ṣé ẹ máa sọ fún mi?"

"Èmi tí mò ń jókòó ti àwọn tí kò mọ bíréèkì yàtọ̀ sí iná lójoojúmọ́?" ni ọkọ rẹ̀ fèsì. "Tó o bá débẹ̀, wàá bá mi níbẹ̀." Ó rí i pé ìyàwó òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí ló dé?"

Ó sọ fún un. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ parí. Ìgbà tó dìde láti kó àwo ló ní, "Ohùn yẹn. Ṣé ó ń dẹ́rù bà ọ́?"

"Rárá," ni Dókítà wí. "Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Àánú yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí."

Kò fún ẹlòmíràn ní àkókò ọmọ náà. Kò mọ ìdí. Tí ọjọ́ náà bá pé, tí ayùn bá dákẹ́, á jókòó sínú yàrá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, á máa gbọ́ kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́ pákó tó ń gbẹ. Ohùn náà kò sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, òjò ṣú, ilẹ̀ sì ti dúdú kí àsìkò tó tó. Ẹsẹ̀ kan gun àtẹ̀gùn. Ọmọ náà ló yọ lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ti pa á. Ìborùn rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ọrùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Dókítà máa rí ẹnu rẹ̀.

Ẹnu náà là.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Ohùn náà há, ó nípọn, ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọdún mélòó kan. Kì í ṣe ohùn yẹn. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Dókítà dìde, ó tún jókòó. "O sọ̀rọ̀."

"Mo sá wá ni, mà. Mọ́mì ò mọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ nípa yín. Mo ní kí n wá wò yín."

"Nípa mi?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń dá jókòó síbí, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi. Mo ní bí mo bá dákẹ́ títí, ẹ lè rò pé mi ò bá yín kẹ́dùn."

"Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ti òkùnkùn yẹn. Ti ẹni tó fi ọwọ́ yín sílẹ̀."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí páànù. Dókítà kò gbọ́ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

"Ìwọ lo sọ ìyẹn fún mi," ló wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àgbà bá gbàgbé nǹkan. "Èmi kì í sọ̀rọ̀, mà. Ẹ̀yin ni. Ẹ máa ń bi ara yín, ẹ ó sì dá ara yín lóhùn, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lára. 'Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?' Ẹ ó wá sọ ìyókù. Ohùn yín máa ń yí padà díẹ̀ ni. Mo rò pé ẹkún ni."

Ìgbà yẹn ni nǹkan kan wá sí Dókítà lọ́kàn, tí omi tútù fi dà sí i lẹ́yìn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ohùn náà kò pe ẹnikẹ́ni ní "ìwọ," kò sì pe ẹnikẹ́ni ní "ẹ̀yin." Bó bá sọ "ẹ" lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ náà ìbá mọ̀ pé àgbà kọ́ ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Bó bá sọ "o," Dókítà ìbá fura pé ọmọ yìí kọ́. "Mo" nìkan ló ń sọ. "Mo" àti "ó" àti "wọ́n."

Ẹ̀rín kú lójú ọmọ náà.

"Ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi kọ́."

Kò sí ẹni tó fẹ́ wo àyíká yàrá.

"Ọwọ́ kan wà níbẹ̀, mà," ni ọmọ náà wí. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo wà lábẹ́ ilé, ó wá láti ẹ̀gbẹ́ mi, ó di tèmi mú. Kò sọ̀rọ̀. Bí mo bá ń sunkún, á fún ọwọ́ mi pọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni ò jẹ́ kí n kú. Nígbà tí wọ́n wá rí mi, wọ́n ní kí n na ọwọ́ sókè. Ọ̀kan ti kán. Èkejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀." Ó wo ọwọ́ náà. "Mo fi sílẹ̀. Èmi ni mo fi sílẹ̀. Mo ń sọ fún wọn pé ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tan iná sí ibẹ̀, wọ́n ní kò sí èèyàn. Ògiri ni. Ògiri gbọnrangandan, kò tilẹ̀ sán. Mo tún fẹ́ la ẹnu sọ ọ́, ohùn ò jáde mọ́."

Dókítà kò lè sọ "hẹn-ẹn."

"Nígbà tí mo gbọ́ tí ẹ ń sọ ti ẹni tó fi ọwọ́ yín sílẹ̀, mo rò pé irú ohun tí mo ṣe fún ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe fún yín. Ọjọ́ tí ẹ ní ẹ ò bínú, mo délé, mo sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sùn."

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú òjò. Dókítà kò ti ilẹ̀kùn.

Ayọ̀ ìyá ọmọ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ó sunkún, ó jó, ó wá bẹ Dókítà pé kó má bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ ìyókù fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó fúnra rẹ̀ lọ bá ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àwọn aránṣọ náà, ó lọ bá àwọn tó gbẹ́ àwókù ilé náà. Èsì kan náà ni gbogbo wọn fún un. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n mọ̀. Àwọn tó kú, wọ́n ti sin wọ́n. Àwọn tó yè, wọ́n ti lọ sílé. Kò sí ẹni tó ń wá ọmọ, kò sí ẹni tó ń wá ìyàwó. Ilẹ̀ náà gan-an, wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé erùpẹ̀ pupa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀, ó ti ń ránṣọ nílé. Àmọ́ ó pe Dókítà lórí fóònù lọ́jọ́ kan.

"Mà, a ò bi ohùn yẹn pé kí ni orúkọ rẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ bi í fún? Èmi rò pé ìwọ ni."

"Èmi náà rò pé ẹ̀yin ni."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Dókítà lọ́kàn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò gba ẹnì kan sínú yàrá ọ̀rọ̀ rí láì bi í pé ta ni. Ẹnì kan wá, ó jókòó, ó sọ ìrora rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ẹlòmíràn gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ padà lọ bi í, ìyá kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ má tọ́ ohun tó ti lọ. Ọmọ mi ti gbádùn. Kí lẹ tún ń wá?"

"Mọ́mì, ó di ọwọ́ mi mú títí ilẹ̀ fi mọ́."

Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ò ní í wọlé. Èmi tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Yàrá àwọn tó ń dúró ni màá wà."

Wọ́n dá ọjọ́. Ayùn dákẹ́. Dókítà àti ọmọ náà gbé àga wọn kọjú síra. Kò sí ìborùn. Olúkúlùkù ń wo ẹnu ẹnì kejì. Láti yàrá kejì, wọ́n ń gbọ́ bí ìyá ṣe ń mí ẹ̀dùn, bí àga ṣe ń dún lábẹ́ rẹ̀.

"Ta ni ọ́?" ni Dókítà bi yàrá náà. "Kí ni orúkọ rẹ?"

Ìdákẹ́jẹ́.

"Èmi ni mo fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Má bínú. Jọ̀ọ́. Sọ orúkọ rẹ fún wa."

Pákó kan dún kẹ́ nísàlẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú fèrèsé, títí wọn kò fi rí ẹnu ara wọn dáadáa mọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n tún bi í. Wọ́n dúró. Kò sí ohùn. Dókítà fẹ́ mí kanlẹ̀, àyà rẹ̀ sì ń ro ó lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí àlejò rẹ̀ ti bínú lọ. Ó gbọ́wọ́ lé apá àga láti dìde.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá ọmọ náà dúró síbẹ̀.

"Ta ló pè mí nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Kò sẹ́ni tó pè yín, Mọ́mì."

"Ẹnì kan pè mí." Kò wo ọmọ rẹ̀, kò wo Dókítà. Àárín àga méjèèjì ló ń wò. "Ó ní 'Ìyá mi.' Ìwọ kì í pè mí bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà dìde. "Mọ́mì. Ẹ ò dáhùn, àbí?"

Agbẹ̀bí náà di ilẹ̀kùn mú.

"Ohùn ọmọ ni," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà á. Mo ti dá a lóhùn."